GLK 350 tókunbọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn ún, ẹ bá mi sọ òótọ́

Ará Under G

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété, àtẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tẹ́ ẹ wà níbí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá.

Corolla 2005 ni mò ń gùn. Kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe rí. Kòtò ibẹ̀ ti jẹ ṣọ́ọ̀kì mi tán, àwọn tírélà kì í sì í ka ọkọ̀ kékeré sí. Jíìpù ló wù mí báyìí. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, èyí àgbà ti ga jù mí lọ, orúnkún rẹ̀ ló máa ń gún mi lẹ́yìn tí mo bá ń wakọ̀.

Mo rí Mercedes GLK 350 kan níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò lọ́nà Ìlọrin. Dúdú ni, ọdún 2010, tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Owó tí mo rí gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, tí mo bá fi tèmi kún un, á ká a, àmọ́ kò ní ṣẹ́ kù tó nǹkan. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, ó dún gbìm, gbogbo ariwo ìta dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ.

Mẹkáníìkì mi ní òun á bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Benz kankan. Ìyàwó mi ní kí n ra Highlander bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ pé jíà kan wà nínú ẹ́ńjìnnì GLK tó máa ń jẹ, pé tó bá ti jẹ, àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀. Òmíràn ní epo tó ń mu, owó oṣù mi ò ní ká a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn ún níhìn-ín gan-an, kì í ṣe ní Lẹ́kkí, ẹ jọ̀ọ́: báwo lẹ ṣe ń bá a gbé?

Ìyá Oníkẹ́mísì, Tákíè

Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀, àbúrò mi.

GLK 350 ọdún 2010 ni tèmi náà, aláwọ̀ fàdákà. Òun ni mo fi ń kó oògùn láti Ìbàdàn wá sí ìsọ̀ mi, òun ni mo fi ń lọ òde, òun náà ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ rí dókítà. Ẹ gbọ́ tèmi ná kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti àwọn tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń rí i.

Ọkọ̀ yẹn dúró dáadáa lórí ilẹ̀. Lẹ́bàá Odò Ọbà níjọ́ kan, tírélà kan fẹ́ ya èkejì rẹ̀ sílẹ̀, ló bá kọjú sí mi gbangba. Mo fi gbogbo táyà ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ etí títì, mo sì tún gòkè padà. Sítíárìn ò já mọ́ mi lọ́wọ́. Ká ní ọkọ̀ tí mo gùn ṣáájú rẹ̀ ni, inú igbó ni wọn ì bá ti wá wò mí. AC rẹ̀ ńkọ́? Nínú oòrùn oṣù kejì sí oṣù kẹta ìlú wa yìí, ìyá mi a máa ní kí n bá òun dín in kù.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ epo fún yín kò purọ́. Ẹ́ńjìnnì líta 3.5 oní-sílíńdà 6 ni. Lọ́nà Ìlọrin tó là gbọọrọ, líta kan ń gbé mi ní kìlómítà 8, nígbà míì 9. Nínú ìgboro, láti Tákíè dé Ọjà Igbó, pẹ̀lú gbogbo ọ̀kadà àti márúwá yẹn, tí AC sì ń ṣiṣẹ́, kì í ju 6 lọ. Tánkì rẹ̀ ń gba líta 66. Ẹ mú iye tí wọ́n ń ta epo lónìí, ẹ fi sọ 66 di púpọ̀, kẹ́ ẹ gbé ìdáhùn náà fún ìyàwó yín kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ ló bá yín ṣírò ó. Nígbà tí mo rà á, líta epo kò tíì tó 200 náírà. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ibi tó sì ti gbà lọ láti ìgbà náà, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Tó bá ṣe pé Sábó ni mò ń lọ báyìí láti ra ata, márúwá ni mò ń wọ̀.

Wọ́n tún kọ ọ́ sẹ́yìn ìdérí tánkì rẹ̀ pé epo premium ni kí wọ́n máa bu sí i. Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn? Èyí tó wà la ń bu. Kò tíì bá mi jà lórí ẹ̀, àmọ́ ilé epo tí mo mọ̀ pé kì í lu epo nìkan ni mò ń yà sí.

Ọ́ìlì: Corolla yín kì í gba tó líta 4. Èyí, bíi 8 ni. Ẹ wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù, ẹ wá 229.5, ìyẹn nọ́ńbà tí Mercedes fọwọ́ sí. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da èyí tó ki sí i nítorí oòrùn ilẹ̀ wa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi tí mò ń ta oògùn, mo mọ bí ayédèrú ṣe máa ń wọ páálí tó rẹwà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń ra ọ́ìlì ní Géètì, n'Ìbàdàn, tí a bá sì dà á tán, mo máa ń ní kí wọ́n gún gálọ́ọ̀nù rẹ̀ lójú mi kí ẹnikẹ́ni má baà tún nǹkan mìíràn dì sínú rẹ̀.

Ó wá ku èyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra GLK gbọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, mo fẹ́ lọ sí Ìbàdàn ní kùtù. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́, ẹ máa gbọ́ ìró kékeré kan lábẹ́ sítíárìn, jììí, ìyẹn ni pé àgádágodo sítíárìn ti ṣí. Lọ́jọ́ yẹn, kò dún. Kọ́kọ́rọ́ ò yí. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn birimù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn olùdámọ̀ràn ti yí mi ká níwájú ìsọ̀: bátìrì ló kú! Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń pe ẹni tó ń ta bátìrì. Mo tẹ fèrè, ó ké gbàà. Mo tan iná iwájú, ó mọ́lẹ̀ yòò. Bátìrì tó kú a máa ké bẹ́ẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi bátìrì wọn sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ríwáyà ló dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ sítíárìn, ó fi ìdí sukurudíráfà gbá ọ̀pá rẹ̀, gbá, gbá, gbá. Jììí! Ó ṣí. Ó ní, "Mà, ẹ má pa á o. Tẹ́ ẹ bá pa á, ó lè má ṣí mọ́." Mọ́tò kékeré inú àgádágodo yẹn ló ti ń kú lọ. Mo yí orí ọkọ̀ padà, Ìlọrin ni mo gbà lọ dípò Ìbàdàn, mi ò pa ẹ́ńjìnnì lọ́nà. Wọ́n yọ àgádágodo náà dànù níbẹ̀, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní emulator dípò rẹ̀, tó ń sọ fún ọkọ̀ pé àgádágodo ti ṣí, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mi. Kò tún dán an wò mọ́. Àmọ́ sítíárìn kì í ti ara rẹ̀ mọ́, irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń há a ni mò ń lò lálẹ́.

Nínú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa rí ẹni tó máa pààrọ̀ ọ́ìlì, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì fún yín. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni. Páàtì, Géètì. Tí Géètì ò bá ní in, Ládípọ̀ l'Ékòó, kí wọ́n fi ọkọ̀ èrò gbé e wá. Kí ó tó dé, ẹsẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbàgbé bóyá GLK dáa tàbí kò dáa. Ta ló máa bá yín tún un ṣe, nọ́ńbà rẹ̀ dà? Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Corolla náà, ẹ má tà á o.

Ti àwọn ọmọ: èèyàn mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni àárín á ráhùn. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá, ó kàn ga ni.

Mẹkáníìkì Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ ǹ lẹ́ o. Ìyá ti sọ púpọ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kù.

Jíà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n GLK kọ́ ló ni ín. M272 lorúkọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú GLK 350 ọdún 2010 sí 2012. Àwọn M272 àkọ́kọ́, tó wà nínú Benz C, E àti ML ọdún 2005, 2006, ni jíà ọ̀pá balance shaft wọn, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, máa ń jẹ. Irin rẹ̀ ni kò le tó. Wọ́n ti yí i padà kí GLK tó jáde ní 2008. Àfi tí ẹnì kan bá ti bọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó wá fi bẹ́ljíọ̀m àtijọ́ rọ́pò. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mọ́ ti inú ìwé.

Ohun tó ń ṣe GLK gan-an nìyí. Níwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó ń darí káàmù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbó, ọ́ìlì á máa yọ́ jáde látinú rẹ̀, á gba inú wáyà rìn bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, á sì máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Mágínẹ́ẹ̀tì ò wọ́n. Kọ̀ǹpútà wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ yọ lójú yín, kẹ́ ẹ fi tíṣù funfun nù ún. Tí tíṣù bá gbẹ, ẹ máa bá a lọ.

Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ oní-jíà 7. Àwo tó gbé sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ inú ọ́ìlì ló wà, ooru máa ń bá a jà. Ọjọ́ tó bá yọnu, ọkọ̀ á há sí jíà kan ṣoṣo, kò ní yí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já tókunbọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ lásán: kọ̀ǹpútà orí àwo yẹn mọ ọkọ̀ tó ti wá, àfi kí wọ́n pa ìrántí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó so ó mọ́ tiyín. Ibi tí àwọn ríwáyà kan ti ń jẹun nìyẹn. Ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú fílítà rẹ̀ ní bíi kìlómítà 60,000. Ẹni tó bá ní wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ láéláé fẹ́ ta gíábọ́ọ̀sì fún yín lẹ́yìnwá ọ̀la ni.

Èyí tí àwọn èèyàn wa kì í wò ni abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ l'Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì. Iyọ̀ yẹn ń jẹ férémù ẹ̀yìn, èyí tí àwọn apá táyà ẹ̀yìn so mọ́. Ọ̀dà ara ọkọ̀ á máa dán gbinrin, ìsàlẹ̀ ti di ìpẹtà. Ẹ gbé e gòkè, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Irin tó dáa máa ń dún kọn. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀.

Nọ́ńbà ṣaṣí: GLK Amẹ́ríkà, WDCGG ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka á dé ìkẹwàá. A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. Tẹ́ ẹ bá rí D, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀, M276 ni, agbára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí i ní àárọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Tí ṣéènì rẹ̀ bá ń dún kẹrẹkẹrẹ kó tó dákẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè.

Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì, Sábó

Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ ń kà fún arákùnrin yìí, ọkọ̀ tàbí ìdánwò? Lexus RX 350, ọdún 2010. Ẹ́ńjìnnì 2GR inú rẹ̀ náà ló wà nínú Highlander tí ìyàwó rẹ̀ ń wí, òun ló wà nínú Sienna. Kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi tí kò tíì ṣí i rí. Epo regular ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ọmọ tó ga yẹn á na ẹsẹ̀. Ìyá Oníkẹ́mísì, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n èmi ò ní máa gbọ́ "jììí" kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá Oníkẹ́mísì, Tákíè

Àlàájì, mo kí yín. Mi ò bá yín jiyàn, RX ò ní dà á láàmú. Ẹ wá bá wa sọ iye tí wọ́n ń pe RX ọdún 2010 tó mọ́, kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ iye GLK ọdún kan náà. Ìdí tó fi rí GLK yẹn rà ni pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn. Èyí tó bá fi ra RX lówó yẹn, èyí tí wọ́n ti gùn dé Máídúgúrì ni wọ́n máa kì í mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa epo RX yín fún un, torí mo máa ń rí yín ní ilé epo.

Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì, Sábó

Ó ń mu ún díẹ̀. Ti owó yẹn náà, mo gbà.

Ará Under G

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀gá Akẹ̀sán, Ọlọ́run á máa fi kún ọgbọ́n yín.

Mo padà lọ síbẹ̀ lánàá. Mo mú ríwáyà kan láti Ìlọrin dání, a jọ sanwó ọkọ̀ rẹ̀ ni. Nọ́ńbà ṣaṣí: WDCGG, lẹ́tà ìkẹwàá, A. Ìyẹn bá ọ̀rọ̀ wọn mu. A so skánà tó ń ka àléébù ọkọ̀ mọ́ ọn, kò sí nǹkan ńlá kan níbẹ̀, ó jọ pé wọ́n ti pa gbogbo àléébù tó kọ sílẹ̀ rẹ́ kí a tó dé. Kọ́kọ́rọ́ dún jììí, mo tiẹ̀ ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tún gbọ́. Tíṣù mágínẹ́ẹ̀tì: mẹ́ta gbẹ, ọ̀kan jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú díẹ̀.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ wo abẹ́ ẹ̀yìn ni ohùn ẹni tó ń tà á yí padà. Ó ní jáàkì àwọn ti bàjẹ́. Mo ní mo gbé ti Corolla mi dání. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ò dúró. Mo bá dùbúlẹ̀ sórí páálí, mo fi iná fóònù wò ó láìgbé e gòkè. Férémù yẹn dúdú rẹrẹ, ọ̀dà dúdú tuntun ni wọ́n kùn ún, àmọ́ wọn ò kun àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, gbogbo wọn ti pọ́n bí osùn. Mo fi èékánná họ ibì kan, nǹkan bọ́ sí mi lójú.

Ó ti gé owó kan kúrò báyìí, owó tó jọjú, ó ní kí n wá san án kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó ní páńẹ́ẹ̀lì bítà òun lè jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, pé kò ní mọ̀. Ṣé iṣẹ́ yẹn ṣe é gbára lé?

Mẹkáníìkì Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Rárá. Apá táyà ló so mọ́ ọn, bí ibi tí wọ́n jó bá já lójú eré, táyà ẹ̀yìn á yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Odindi férémù ni wọ́n máa ń pààrọ̀, wọ́n á sọ gbogbo ìdí ọkọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Tí iye tó gé kò bá ra férémù tó mọ́ ní Ládípọ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́, kó máa tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó kun ọ̀dà síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ìyá Oníkẹ́mísì, Tákíè

Àbúrò mi, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí. GLK ò tíì tán ní Nàìjíríà. Ẹni tó ṣe tèmi n'Ìlọrin máa ń mọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá fẹ́ ta tiwọn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú. Màá bi í léèrè.

Tó bá di Sátidé, mò ń lọ síbẹ̀ fún ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wá bá mi ní Tákíè ní aago méje àárọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wà á lọ. Kẹ́ ẹ mú ìyàwó yín dání, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó ga yẹn jókòó sẹ́yìn wò. Epo, a ó jọ dá a ni o.